Ìdánwò CAR-T ìpele kìíní fún jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn egungun

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn egungun ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fínra ní Amẹ́ríkà, oògùn kò sì ràn án mọ́. Dókítà ní kó wọ ìdánwò CAR-T ìpele kìíní. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ fi í dánra wò?

Èsì kìíní: Ẹ kú ìfaradà. Ìwọ̀n tí ara lè gbà láìséwu ńlá ni ìpele kìíní ń wá. Nínú ìtọ́jú CAR-T, àwọn dókítà yóò ṣa sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara, láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín, wọn yóò tún un ṣe kí ó lè dá àmì BCMA mọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kí wọ́n tó dá a padà sára ẹ̀gbọ́n yín. Nínú ìdánwò ide-cel, ọ̀kan lára irú CAR-T bẹ́ẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, àrùn náà dẹwọ́ fún ìpín 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn 33 tó kọ́kọ́ gbà á, ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó ti gbérí padà lára ìdajì wọn.

Èsì kejì: Èmi ti gba irú rẹ̀. Ibà ló kọ́kọ́ dé. Láràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń ní kí n kọ gbólóhùn kan sórí ìwé, torí pé bí ọwọ́ ìkọ̀wé bá ti ń wọ́, àmì ni pé ìtọ́jú náà ti ń kan ọpọlọ. Ẹ wá ẹni tí yóò máa sùn tì wọ́n.