Ṣé kí n dúró kọ́ iṣẹ́ họ́mónù ọmọdé àbí kí n bá àwọn ẹgbẹ́ mi jápa?

Ọmọ_Ajárá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé dókítà wà níbí, nọ́ọ̀sì wà, àwọn ìyá ọmọ náà ń kà á, ìdí tí mo fi gbé e wá nìyẹn. Ajárá l'Ágbádárìgì ni mo wà, ìtọ́jú ọmọdé ni mò ń ṣe rẹ́sídẹ́ńsì ẹ̀, mo ti yege Part 1 ìdánwò ẹ̀, ó kù kí n mú ẹ̀ka kan tí màá rọ̀ mọ́.

Ohun tó fà á rèé. Wọ́n gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 kan wá lóru, ó ń mí gúlegúle, èémí ẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nílé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n ti fún un lóògùn ibà, wọ́n fún un ní ti táífọ́ọ̀dù, wọ́n tún wá fa dírípù oníṣúgà sí i lára. Ìyá àgbà ẹ̀ ló sọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé, ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èèrà ti ń bo ibi tọ́mọ yẹn bá tọ̀ sí, òun sì sọ fún wọn níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A fi glukómítà wò ó, ẹ̀rọ kọ HI, ẹni tó dì í mú ní òun rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́ o, ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣọmọ, ṣúgà ẹ̀ ló ga ju ibi tí ẹ̀rọ lè kà á dé. Ọmọ yẹn yè, a dúpẹ́. Àmọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mo ń pe fóònù kiri, mò ń wá ẹni tó máa sọ fún mi iye omi àti iye insulin, họ́mónù tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, tí n ó máa fún un lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ọpọlọ ẹ̀ má lọ wú.

Ẹ wá wò ó, National Postgraduate Medical College wà ní Ìjànìkin, ojú títì wa níbí, láti Sókótó láti Maiduguri ni wọ́n ti ń wá wọ aṣọ oyè kọ́ńsọ́ltáǹtì níbẹ̀. Ẹ gun ọkọ̀ kọjá ibẹ̀, ẹ dé Mílè Tú, ẹ wọ òmíràn, kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó gbọ́ nípa họ́mónù ọmọdé ní LUTH, Ìdí-Àràbà.

Ó ń wù mí láti kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó lọ gbẹ̀yìn ò tiẹ̀ dágbére, Heathrow ló ti gbé fọ́tò sórí status. Ṣé ibì kan wà téèyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí nílé níbí? Téèyàn bá wá kọ́ ọ tán, ṣé iṣẹ́ wà, àbí màá kàn jókòó bí ẹni tó ń ta yìnyín nígbà òtútù?

Ẹ̀gbọ́n_Kílíníkì

Àbúrò, o kú iṣẹ́ lórí ọmọ yẹn. Iṣẹ́ tèmi nìyí, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ.

Ibi tó o ti máa kọ́ ọ ò le mọ́. Nígbà kan, àfi kéèyàn lọ sókè òkun, ọ̀pọ̀ tó bá sì lọ kì í padà wá. Ọdún 2008 ni wọ́n dá PETCA, ibi ìkọ́ṣẹ́ họ́mónù ọmọdé fún Áfíríkà, sílẹ̀ ní Nairobi, ẹgbẹ́ ESPE ti àwọn dókítà họ́mónù ọmọdé ní Yúróòpù àti ISPAD tó ń rí sí ìtọ̀ ṣúgà ọmọdé wà lára àwọn tó dúró tì í. Nígbà tó di 2012, wọ́n dá ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ l'Ékòó níbí, òun ni PETCWA, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abiola Oduwole ti LUTH ló ṣáájú ẹ̀. Oṣù 18 ni ẹ̀kọ́ ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni pé o ò ní fi gbogbo ẹ̀ jókòó sójú kan, wàá padà sí ilé ìwòsàn tó rán ẹ wá, wàá ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ tí ìwọ gan-an ń tọ́jú, kí ẹsẹ̀ ẹ má baà yọ kúrò nílé.

Ibi tó le wà níwájú. Tó o bá kọ́ ọ tán, wọ́n ṣì máa ka iṣẹ́ ẹ sí ti dókítà ọmọdé lásán ni, wàá ṣe wọ́ọ̀dù, wàá ṣe call, wàá kọ́ àwọn stúdẹ́ǹtì, kílíníkì họ́mónù á wá di ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, gbogbo ayé á sì kó ọmọ wọn wá lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tí ò ga, ọmọ tẹ́sẹ̀ ẹ̀ wọ́ nítorí kálísíọ̀mù tí ò tó, ọmọ tọ́rùn ẹ̀ wú, ọmọbìnrin ọlọ́dún 5 tó ti ń yọ ọmú, ọmọ ìtọ̀ ṣúgà. Ohun èlò àyẹ̀wò wà lónìí, kò sí lọ́la. Mo ti kọ àyẹ̀wò họ́mónù tí wọ́n ń pè ní 17-OHP fún àwọn òbí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ rin ilé àyẹ̀wò mẹ́ta nínú oòrùn. Fludrocortisone tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ jò lára ọmọ ńkọ́? Inú báàgì àbúrò ẹnì kan tó ń bọ̀ láti London la ti máa ń rí i. Hydrocortisone tó jẹ́ pé ìwọ̀n tíńtín la fẹ́ fún ọmọ ọwọ́, ògbóǹtarìgì apòògùn òyìnbó kan ló ń bá wa gún un, ó ń dì í sínú bébà kéékèèké bí ẹni ń di àtíkè. Tọ́kùnrin yẹn bá jápa, mi ò mọ ohun tá a máa ṣe o.

Ohun tó le ju owó lọ ni pé o máa dá wà. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ ọjọ́ 11 kan wá, ó ń bì, ó ti gbẹ. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ọkùnrin, wọ́n ti ṣe ìkómọ, wọ́n ti jó. Èmi yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí kórópọ̀n. Sódíọ̀mù ẹ̀ ti já wálẹ̀ sí 118, pòtásíọ̀mù ẹ̀ ti ga ré kọjá 7. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ nínú ìwé, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ni kò ṣe họ́mónù tó yẹ, iyọ̀ ń jò lára ẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ obìnrin ni. Ṣùgbọ́n aago kan òru ni, bàbá ọmọ dúró ní kọ́rídọ̀, nínú ilé ìwòsàn yẹn kò sẹ́ni tí mo lè bi pé ṣé bí mo ṣe rò ó yìí náà ni. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí akẹgbẹ́ mi kan tá a jọ kọ́ṣẹ́, Kumasi ló wà, ó dáhùn kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ó ní kí n fa omi iyọ̀ (saline) sí i lára, kí n gún un ní hydrocortisone ná, kí n má dúró de èsì àyẹ̀wò. Ohun tí mo rí gbà jù nínú oṣù 18 yẹn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà fóònù ni. Ọmọ yẹn ti wọ ilé ìwé báyìí, orúkọ obìnrin ló ń jẹ́.

Sharp_Sharp_01

Jápa jàre. Ìfẹ́ iṣẹ́ ò san owó ilé.

Ìyá_Bọ̀bọ́

Ìwọ Sharp Sharp, á dáa fún ẹ o.

Ẹ̀pẹ́ lèmi wà, ọmọ mi ọkùnrin ní ìtọ̀ ṣúgà látìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 6, ó ti di 11 báyìí. Ẹ̀yin dókítà ń ka iye àwọn tó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ àwa tó kù. Dókítà mẹ́ta ti kọjá lọ́wọ́ ọmọ yìí. Gbogbo ìgbà tí tuntun bá dé, màá jókòó, màá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà mélòó ló ti dákú, irú insulin wo. Ẹni tó ṣìkejì mọ̀ pé tí bọ̀bọ́ mi bá ti ń bínú láìnídìí ṣúgà ẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn, kò sí nínú fáìlì, orí ẹ̀ ló wà, ó sì gbé orí ẹ̀ lọ sí Canada. Mi ò bínú sí i o, ó lọ́mọ tiẹ̀ náà. Àmọ́ mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Owó insulin ńkọ́? Látìgbà tí náírà ti já ní 2023 mi ò ra á ní iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Iná ò sí, inú àmù amọ̀ ni mò ń tọ́jú ẹ̀ sí, mo dì í sínú ọ̀rá kómi má kàn án, àwọn èèyàn rò pé mò ń bọ nǹkan.

Nọ́ọ̀sì_Ìkòròdú

Ìyá Bọ̀bọ́, àmù yẹn dáa gan-an ni, ẹ máa ṣe é lọ.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ dákun o, mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ látàárọ̀, dókítà dókítà dókítà. Ta ló ń kọ́ ọmọ bó ṣe máa gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́? Ta ló ń lọ bá tíṣà ẹ̀ pé kó jẹ́ kó máa jẹun nínú kíláàsì? Níbi tí nǹkan ti gún, ikọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni wà níbẹ̀, onímọ̀ oúnjẹ wà, ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ kọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ wà. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n rán mi lọ kọ́ nípa ìtọ̀ ṣúgà, mo dé, mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ń mọ àwọn ọmọ lórúkọ, oṣù kẹjọ ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà pé kí n kọjá sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Wọ́n ní rotation ni. Ohun tí mo kọ́ ń wó sí mi lórí báyìí.

Mi ò kúkú jáwọ́. Mo ṣì ní àwọn ìyá bí ogún lórí fóònù mi, a ní ẹgbẹ́ WhatsApp. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n ń pín nígbà yẹn, broccoli ló wà nínú ẹ̀, oatmeal, ẹ gbà mí o. Mo jókòó, mo fi kọ́ọ̀pù mílíìkì wọn gààrí, mo wọn ìrẹsì, mo wọn ìkọ́kọrẹ́, èyí tí wọ́n ń jẹ gan-an nílé. Ìyá kan ní àṣé ọmọ òun lè jẹ ẹ̀bà, pé ọdún méjì lọmọ yẹn ti ń wo àwọn àbúrò ẹ̀ lẹ́nu.

Akínlé_Houston

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ_Ajárá, tó o bá fẹ́ wá, wá, àmọ́ má wá nítorí pé o rò pé iṣẹ́ yìí lówó lórí níbí. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn rẹ́sídẹ́ńsì ọdún 3, ọdún 3 mìíràn lo máa fi kọ́ họ́mónù ọmọdé, tó o bá sì parí, owó tí wàá rí kó jọ láyé ẹ sábà máa ń kéré sí ti dókítà ọmọdé gbogbogbò tí ò kọ́ nǹkan kan kún un. Kò bọ́gbọ́n mu, àbí? Ìdí ẹ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ àti iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ wọnú ara ni ìnṣọ́ránsì ń sanwó gidi fún, tiwa, ìjókòó sọ̀rọ̀ ni, wákàtí kan pẹ̀lú ìyá tó ń sunkún, wọn ò mọ iye tí wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ níbí Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fáwọn tówó ò tó lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n ń lò, ìyẹn náà kì í san tó. Nítorí náà lọ́dọọdún ni àyè ẹ̀kọ́ máa ń ṣẹ́ kù tí kò rí ẹni gbà á. Òru ni mo fi ń kọ lẹ́tà sí ìnṣọ́ránsì pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gbà fún ọmọ kan kó lo oògùn tó ti ń lò látèṣí.

Ohun tí mo ní tẹ́ ẹ ò ní ni pé tí mo bá kọ àyẹ̀wò láàárọ̀, èsì lè dé lálẹ́. Ọmọ tuntun níbí, wọ́n ti gún un ní gìgísẹ̀ kó tó kúrò nílé ìwòsàn, wọ́n ti mọ̀ bóyá táírọ́ìdì ẹ̀, ẹṣẹ́ ọrùn tó ń ṣe họ́mónù, ń ṣiṣẹ́, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ó ti ń gba oògùn. Mo máa ń rántí ọmọ ìyá kan ládùúgbò wa nílé, tí wọ́n ń pè ní ọ̀dẹ̀ títí tó fi dàgbà, ahọ́n ẹ̀ tóbi, ìdodo ẹ̀ yọ síta, àmì táírọ́ìdì tí ò ṣiṣẹ́ látìgbà ìbí nìyẹn.

Ọmọ_Ajárá

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n_Kílíníkì, mo ti kọ̀wé sí yín nínú inbox, sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn. Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ fún mi ní ìwọ̀n gààrí yẹn, màá fi ti ẹja àti gbáàgùdá àwọn ará ibí kún un, àwọn ìyá tó jẹ́ Ègùn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, màá wá ẹni bá mi sọ ọ́ lédè wọn.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá lọ àbí màá dúró, kí n má purọ́. Àmọ́ lánàá mo fi máákà kọ ọ́ sára ògiri ní emergency pé ọmọ tó bá ń bì tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ wo ṣúgà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fa dírípù, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé HI kì í ṣe pé ẹ̀rọ ń kí yín. Mo fowó ara mi ra strip glukómítà páálí kan. Mátírọ̀nù ní kí n pa á rẹ́ kúrò lára ògiri, pé kí n lọ kọ ọ́ sórí bébà.

Ìyá_Bọ̀bọ́

Dókítà mi, tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ tán ẹ wá sí Ẹ̀pẹ́ o, a máa fún yín nílé.

Ọmọ_Ajárá

Ẹ̀pẹ́ kẹ̀, mà! Láti Ajárá? Mo lè tètè dé Kùtọnu.