Láti Ìdílé Ta Ni Ó Ti Wá?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì pé ọdún 3 nígbà tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní Ọ̀fà, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì dúdú débi pé àwọn ará àdúgbò ń bèèrè ẹni tí ó lù ú. Ní Ìlọrin ni wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n sì gé díẹ̀ lára kókó tí ó wà nínú ikùn náà, kí wọ́n tó sọ pé neuroblastoma ni, ìyẹn jẹjẹrẹ tí ó ń hù láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó di iṣan ìmọ̀lára nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Ojú tí ó dúdú kì í ṣe ti ìlù rárá. Àìsàn náà ti dé egungun tí ó yí ẹyinjú ká ni.

Kò pẹ́ tí ìjà fi wọlé. Ẹbí ọkọ ní láti ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá, àwa náà kò sì dákẹ́. Dókítà ni ó pe ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ní: "Ẹ má bínú, Màmá, nínú 100 ọmọ tí ó ní àìsàn yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí 2 tí ó jogún rẹ̀. Inú kókó náà fúnra rẹ̀ ni jíìnì, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé, ti sábà máa ń yí padà."

Ó wá ṣàlàyé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní ALK. Purotéènì tí jíìnì yìí ń ṣe máa ń wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ó ń gba iṣẹ́ láti ìta, ó sì ń fi í rán àwọn mìíràn nínú, RAS wà lára wọn, títí tí iṣẹ́ náà yóò fi di àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pín. Bí ALK bá yí padà, yóò máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ti MYCN, jíìnì mìíràn, yàtọ̀: nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ náà, ẹ̀dà rẹ̀ ń di púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ìyẹn ni ó sì burú jù.

Àyẹ̀wò tiwa fi hàn pé MYCN kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ALK ti yí padà nínú kókó náà, kò sì yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ìyẹn ni pé kò jogún rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, nítorí láti ọdún 2008 ni a ti mọ̀ pé ALK ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ jù nínú èyí tí a ń jogún. Màmá gbọ́ èsì náà, wọ́n sì gbé owó kẹ́mò (oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) tí ó kàn kalẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ ìdílé mọ́.

Dókítà mẹ́nu kan crizotinib, oògùn tí ń dí ALK lọ́wọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti lò ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe rí i rà.