Mo jàre ọ̀rọ̀ ìbọn, ta ni yóò san owó lọ́yà?

Ọmọ Ẹpẹ tó ń dáko n'Ílùú Ọba: Ẹ kú àárọ̀ o, ará ilé. Ọlọ́pàá kọ̀, wọn ò fún mi níwèé àṣẹ ìbọn tí mo fẹ́ fi máa lé ẹyẹlé igbó lóko. Mo gbé wọn lọ sí Crown Court, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí níbí, adájọ́ sì dá mi láre. Ó ní ká padà wá sọ ti owó. Ṣé ọlọ́pàá máa san owó lọ́yà mi?

Ará Pópó-Ọba, Ẹpẹ: Torí ẹyẹlé! Ẹ máa bọ̀ nílé jàre, ẹran ìgbẹ́ kún ọjà Olúwo.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Àbúrò, o kú oríire, àmọ́ má tíì ná owó yẹn. Lọ́dún 2000, ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì káàbù (ọkọ̀ takisí) gbé káńsù Bradford, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, àti ọ̀gbẹ́ni Booth dé kóòtù. Booth jàre, wọ́n ní kí káńsù sanwó fún un, ilé ẹjọ́ gíga sì fagi lé e. Wọ́n ní tí iléeṣẹ́ ìjọba bá fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́, tí ìdí tó mú dání sì mọ́gbọ́n wá, pé ó pàdánù nìkan kò tó láti ní kó sanwó. Adájọ́ á tún wo bí ìnáwó náà ṣe ni ọ́ lára tó.

Ìdí ni pé Crown Court máa ń gbọ́ ẹjọ́ ìbọn látìbẹ̀rẹ̀ ni, ó sì lè gba ẹ̀rí tí ọlọ́pàá ò rí rí. O lè jàre kí wọ́n má sì ṣàṣìṣe kankan. Nítorí náà, kí ló jẹ́ kóo borí?

Ọmọ Ẹpẹ: Lẹ́tà dókítà ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kọ̀, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú èsì wọn.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Ṣé o rí i? Ibẹ̀ ni kí lọ́yà rẹ dúró lé. Wá ímeèlì tóo fi fi ránṣẹ́, kí déètì rẹ̀ hàn, kóo lẹ̀ ẹ́ mọ́ èsì wọn. Ká ní kóòtù lo ti kọ́kọ́ mú un jáde ni, ọwọ́ wọn mọ́ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ láti fún ọkọ mi níwèé àṣẹ ìbọn ni o.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà: Ọjọ́ 21 péré lẹ ní láti pẹjọ́, láti ọjọ́ tí ìwé bá ti dé ọwọ́ yín. Tó bá jẹ́ Scotland lẹ wà, ọ̀dọ̀ sheriff, ìyẹn adájọ́ ibẹ̀, lẹ máa lọ. Ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kó gbogbo ẹ̀rí síwájú wọn. Kí ẹ sì gba iye tí lọ́yà máa gbà ní àkọsílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá pàdánù, owó ti ọlọ́pàá lè kún un.