Ta ni ìwé ìtàn àwọn tí ó lọ gbé ní òkè òkun ń ṣe láǹfààní?

Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ tí ó fẹ́ rìnrìn àjò nìkan ni ó ń yá irú ìwé yìí ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ṣé kò wúlò fún àwa tí a wà nílé ni?

Ìyá ọlọ́mọ, Ìjẹ̀bú-Igbó: Àwa òbí ni ó wúlò fún jù. Bí ọmọ mi ṣe ń wálé fún Ojúde Ọba nínú aṣọ òfì, mo rò pé owó kún ọwọ́ rẹ̀, títí mo fi ka ìtàn obìnrin kan tí ó ń fi òru wẹ àwọn arúgbó, tí ó sì ń jẹ gàrí gbígbẹ nínú bọ́ọ̀sì ní ìdájí kí ó lè rí owó fi ránṣẹ́. Àlàáfíà ọmọ mi ni mo ń kọ́kọ́ béèrè báyìí.

Òǹkàwé, Ìkẹ́nnẹ́: Òótọ́ ni, ìyá wa, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà ń jàǹfààní. Awólọ́wọ̀, ọmọ ìlú wa, lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tí ó jáde ní 1960, sọ nípa àkókò náà.

Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà. Màá jẹ́ kí àwọn òbí náà máa yá a.