Yíya fọ́tò Ciwara: igi dúdú, ihò rẹpẹtẹ

Ẹni tó bá fẹ́ ya Ciwara àwọn Bàḿbárà ilẹ̀ Málì, ère ẹranko oníwo tí wọ́n máa ń dé lórí jó, fún mùsíọ́mù, ihò ara ère náà ni kó kọ́kọ́ wò. Gọ̀gọ̀ akọ ti agbègbè Ségou, gbígbẹ́ luhò ni. Abo ló pọn ọmọ, àlàfo sì máa ń wà láàárín òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí aṣọ ẹ̀yìn bá funfun jù, ìmọ́lẹ̀ á gba inú ihò wọlé, á jẹ etí igi tó tín-ín-rín. Aṣọ aláwọ̀ eérú ni kí ẹ lò, kó jìnnà sí ère tó mítà kan ààbọ̀. Iná ńlá kan láti ẹ̀gbẹ́, páálí funfun ní òdìkejì, ó tó. Iná tó bá kọjú sí ère gan-an á pa gbogbo ilà tí agbẹ́gilére fín sí i lára.

Igi dúdú tún máa ń tan kámẹ́rà jẹ: á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, dúdú á wá di eérú. Orí páálí aláwọ̀ eérú ni kí ẹ ti wọn ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi kámẹ́rà sí M, níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín yan ìmọ́lẹ̀. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 100, ihò lẹ́ńsì f/11, lẹ́ńsì 85 sí 105 mm, lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Tí ère bá ga ní 80 sẹ̀ǹtímítà, kí lẹ́ńsì wà ní nǹkan bí 40, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìwo á dà bí èyí tó wọ́.

Ti dídán ńkọ́? Epo àti ọwọ́ ènìyàn ló mú igi yẹn dán. Ẹ fi polarizer, asẹ́ tó ń dín dídán kù, sójú iná àti lẹ́ńsì, kí ẹ máa yí ti lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pa dídán náà tán. Ère tí kò dán rárá á dà bí ike.

Ẹ ṣọ́ra fún Ciwara tó nà gbalaja, irú ti agbègbè Bélédougou ní Málì. Orí ọ̀tọ̀, ara ọ̀tọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, irin ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀ lọ́rùn. Ẹ má fi ìwo gbé e. Ọwọ́ méjèèjì lábẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nitrile (irú rọ́bà kan), torí ti òwú máa ń kọ́ igi. Tí fìlà híhun bá ṣì wà nídìí rẹ̀, ẹ yà á mọ́ ọn.

Ti agọ̀ Komo, ẹgbẹ́ awo àwọn Bàḿbárà, le jù. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án: ẹ̀jẹ̀ àti ohun ìrúbọ tó gbẹ mọ́ ọn lára máa ń já. Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́, kí ẹ kó ohun tó bá já fún olùtọ́jú. Obìnrin àti ọ̀gbẹ̀rì kì í wo Komo, nítorí náà ẹ bi mùsíọ́mù bóyá fọ́tò yẹn máa hàn sí gbogbo ayé kí ẹ tó tan iná.