Re: "Ìṣèṣìpànìyàn": ibo ni èèṣì wà níbẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú àárọ̀ o. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ bá a ṣe máa kọ òfin ní Yorùbá yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ látàná tí lọ́yà wa ti gbé e wá pé ká máa pe manslaughter, ìyẹn ìpànìyàn tí ò tó murder lójú òfin, ní "ìṣèṣìpànìyàn", kí murder, èyí tó burú jù, sì jẹ́ "ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn", oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi è kan ṣoṣo síbẹ̀. Èèṣì ni o, è méjì! Ṣe èèṣì, ṣèèṣì. Ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Oòduà ò gbọdọ̀ máa jẹ fáwẹ̀lì bí ẹ̀pà.

Ká tiẹ̀ fi sípẹ́lì sílẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú. Téèyàn bá ṣèèṣì, kí la máa ń wí? "Kò mọ̀ọ́mọ̀, ẹ fi sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ parí. Criminal Code Nàìjíríà, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, náà gbà bẹ́ẹ̀, abala 24 ní ohun tó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, àfi tó bá jẹ́ àìbìkítà ló fà á. Manslaughter wá ńkọ́? Abala 325, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣé torí èèṣì ni wọ́n ṣe ń sọ èèyàn sẹ́wọ̀n gbére? Ẹní ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní ń bà, ẹni yẹn ò gbèrò àtipa ẹnikẹ́ni o, síbẹ̀ àgbà wo lẹ gbọ́ tó ní ó ṣèèṣì? Òkò ló jù! Ọjà ló jù ú sí!

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ògbufọ̀ kóòtù ni wọ́n l'Ìkọ̀lé láyé ọjọ́un, tílẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á máa rojọ́ fún wa lójú ààrò. Ọdẹ tí ìbọn dédé bú mọ́ lọ́wọ́, èèṣì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àmọ́ èyí tó gbọ́ tí ewé ń mì tó yìn ín láìwò, tó wá jẹ́ pé èèyàn ló ń ká obì níbẹ̀, "ọwọ́ ẹ̀ ló ti wá" ni wọ́n máa ń wí, wọn ò sì ní rẹ́rìn-ín.

Ẹ tún wo "mọ̀ọ́mọ̀" yẹn. Ẹni tó torí ilẹ̀ fi àdá ṣá ẹnìkejì ẹ̀ nítan, tó ní "mo kàn fẹ́ kó rọ ni, mi ò fẹ́ kó kú", tónítọ̀hún bá kú, abala 316 ní murder ni, torí ó gbèrò àtiṣe é léṣe gidi, ikú sì ni abala 319 kà sílẹ̀ fún un, ìyẹn okùn. Kí ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe? Ìtan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣá. Wàyí o, ẹni tí wọ́n mú bínú kọjá àlà, tó gbá ọmọ odó mú, tó fi lu onítọ̀hún pa kí ara ẹ̀ tó rọ̀, tó sì fẹ́ kó kú lóòótọ́, abala 318 lè sọ tiẹ̀ di manslaughter. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ wá bọ́ sínú "ìṣèṣì", ẹni tí ò mọ̀ọ́mọ̀ pa wà nínú "ìmọ̀ọ́mọ̀". Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?

Tèmi ni pé ká fi ìpànìyàn sílẹ̀ bó ṣe wà, ká wá fi ìyà ẹ̀ dá wọn mọ̀: ìpànìyàn olókùn, ìpànìyàn ẹlẹ́wọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní èèyàn ló ń jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Kó gbé tiẹ̀ wá.

Ẹni tó pe wound ní "egbò" ńkọ́, ta ló kọ́ ọ? Ohun tó gé awọ ara tàbí tó gún un wọlé lòfin ń pè bẹ́ẹ̀, ara wíwú lásán ò sí níbẹ̀. Ọgbẹ́ nìyẹn. Egbò ti pẹ́ lára, eṣinṣin ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wa ti Ìkẹ́rẹ́ sì ní ká kọ ọ́ ní "ùpànìyàn", torí l'Ékìtì tiwa, ukú la ń pe ikú, ulé la ń pe ilé. Èmi náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé, àmọ́ ará Ìbàdàn tó máa ka ìwé òfin yẹn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n yìí ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọdún wo lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà gan-an?