Ta ló ń jọba ní White House? Èsì mi sí ọ̀rọ̀ "ibùjọba"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ, pé ká máa pe gbogbo ilé ńlá táwọn aláṣẹ ń gbé kárí ayé ní "ibùjọba", Buckingham ní Lọ́ńdọ̀nù, White House l'Amẹ́ríkà, Kremlin ní Rọ́ṣíà, Versailles ní Faransé, títí kan Elmina tó wà létí òkun ní Gánà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà "ààfin" ò gba gbogbo wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, mi ò lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ibù- yẹn nìkan ná. Ibùsùn, ibùjókòó, ibùgbé, ibùdó. Ohun tí èèyàn ń ṣe níbẹ̀ gan-an ló ń tẹ̀ lé e. Sùn ló wà nínú ibùsùn, a ò fi oorun sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń sọ pé "ìjọba" ni ẹ̀gbọ́n pa pọ̀ mọ́ ọn, ibo lẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Jọba ni etí Yorùbá máa gbọ́, jẹ pẹ̀lú ọba, ó parí. Ta wá ló ń jọba ní White House? Látìgbà tí Ààrẹ John Adams ti kó débẹ̀ lọ́dún 1800, ìbò ni wọ́n fi ń wọbẹ̀, tí sáà bá pé wọ́n á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Number 10 Downing Street ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, tí Robert Walpole, olórí ìjọba wọn, kó wọ̀ lọ́dún 1735? Olórí ìjọba ló ń gbébẹ̀, ọba wọn wà lọ́tọ̀.

Tá a bá tiẹ̀ ní ká gbà á bẹ́ẹ̀, pé ibi tí wọ́n ti ń jọba, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gbadé, ni, wàhálà tún pọ̀ sí i. Níbí n'Ìbàdàn, Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 ni wọ́n ti ń gbé adé lé Olúbàdàn lórí, ṣé Màpó wá ni ibùjọba, níbi tí Olúbàdàn kankan ò sùn rí? Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó náà, Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dé Ọba Charles Kẹta ládé ní May 2023, ṣọ́ọ̀ṣì ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti ọdún 1066. Ọba Louis Kẹrìnlá kó gbogbo ìjòyè ẹ̀ lọ sí Versailles lọ́dún 1682, síbẹ̀ ìlú Reims làwọn ọba Faransé ti ń gbadé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ jọ òótọ́ ni Kremlin, torí nígbà táwọn ọba Rọ́ṣíà ń gbé ní St. Petersburg pàápàá, inú Kremlin ní Moscow ni wọ́n ń padà wá gbadé, Nicholas Kejì ló ṣe é kẹ́yìn lọ́dún 1896. Bẹ́ẹ̀ odi ni Kremlin fúnra ẹ̀, odi bíríkì pupa tó ní ilé ìṣọ́ 20, ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ẹ̀.

Elmina ló dùn mí jù. Àwọn Potogí ló kọ́ ọ lọ́dún 1482, àwọn ará Họ́láǹdì gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1637, gómìnà ń sùn lókè, wọ́n ti àwọn èèyàn wa tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú mọ́ yàrá òkùnkùn nísàlẹ̀, wọ́n ń tì wọ́n gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan jáde lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ta ló jọba níbẹ̀? Odi ni ká pè é. Ìbàdàn mọ odi, odi ló yí ìlú yìí ká láyé ogun, oníbodè ló ń ṣọ́ ẹnu ẹ̀. Àǹtí tó ní ó máa dàrú mọ́ odi tí ò lè sọ̀rọ̀, gbólóhùn á là á. Ẹni tó sì ń kọ "odì", ẹ jọ̀ọ́, odì nìyẹn táwọn tó ń jà ń bára wọn yàn.

Ẹnì kan tún sọ pé kí ni ọmọ Ìbàdàn mọ̀ nípa ààfin, àwa tó jẹ́ Baálẹ̀ la ní títí di ọdún 1936. Ẹ gbọ́, torí pé a jẹ́ ọmọ Ìbàdàn gan-an la fi mọ̀ ọ́n. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá jẹ Olúbàdàn, agbo ilé ẹ̀ ló ń jókòó sí, ọjọ́ tó bá ti jẹ ẹ́ ni ilé yẹn ti di ààfin, wọn ì báà má fi bíríkì kan kún un. Baba kan wà ládùúgbò wa l'Ọ́jà'ba, tó bá ti dé iwájú ilé ọba, á ṣí fìlà, á rọra tẹ orí ba, bí ò tiẹ̀ sí ẹ̀dá kankan níta. Baba yìí kan náà ń gba iwájú Sẹkitéríàtì l'Ágodi kọjá tòun ti fìlà lórí, gómìnà ì báà wà nínú ẹ̀. Ó mọ ìyàtọ̀! Mo ti fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò rí ìwé gírámà kan tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ọba bá ń gbé ni ààfin. White House, ẹ pè é ní Ilé Funfun, Downing Street àti ti gómìnà, ilé ìjọba. Ìlú ọba tó wà ní Beijing, tí òyìnbó ń pè ní Forbidden City, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1420, ọba tó kẹ́yìn ti gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 1912, músíọ̀mù ló sì ti wà níbẹ̀ láti 1925, ààfin àtijọ́ ni. Àwọn àgbà tó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọn ò wá "ibù" kankan mọ́ ọn.

Ó ku àbúrò wa tó ní láti ara "fín" ni ààfin ti wá, nítorí òpó tí wọ́n fín sára ààfin ayé àtijọ́. Òkè ni ohùn fín. Àárín ni ti "fin" tó parí ààfin. Kí ló gbé e wálẹ̀? Kó mú ọ̀rọ̀ míì tó ṣe bẹ́ẹ̀ wá, ká rí i. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn tó sì ń kọ "àfín ọba", ẹ rántí pé èèyàn ni àfín o.